Ìwé Tí Ààrẹ Kọ̀ Láti Fọwọ́ Sí

Lọ́dún 1965, ìwé kan dé iwájú Ààrẹ Sourou Migan Apithy ní Dàhòmì, orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Benin lónìí. Ẹni tí yóò jẹ́ olórí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ni ìwé náà dá lé lórí. Apithy ní òun kò ní fọwọ́ sí i. Justin Ahomadégbé, igbá-kejì rẹ̀ tó tún jẹ́ olórí ìjọba, kò gbà. Kí oṣù Kọkànlá tó parí, àwọn méjèèjì ti kúrò lórí oyè: Ọ̀gágun Christophe Soglo ló ní kí wọ́n máa lọ.

Fún àwa ará Pọbẹ̀ àti Sákété, Apithy kì í ṣe àjèjì. Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1913, apá ibí yìí ló sì gbé e ró láti ìgbà tó ti lọ jókòó sílé aṣòfin ní Paris lọ́dún 1945. Àríwá orílẹ̀-èdè náà ń tẹ̀lé Hubert Maga, Abomey ń tẹ̀lé Ahomadégbé, tiwa sì ni Apithy. Nítorí náà, kò yẹ ká kàn sọ pé "olóṣèlú ló ń bá olóṣèlú jà" ká sì gbé ọ̀rọ̀ náà tì.

Òfin ìpìlẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 1964 ló bí ìjà yẹn. Soglo yìí kan náà ló yọ Maga nípò ààrẹ ní oṣù Kẹwàá 1963, àwọn tó kọ òfin kò sì fẹ́ kí agbára tún kó sọ́wọ́ ẹnì kan. Wọ́n bá pín in: Ààrẹ ni olórí orílẹ̀-èdè, igbá-kejì rẹ̀ ló ń darí àwọn mínísítà. Oyè ni wọ́n pín dáadáa. Ààlà iṣẹ́ kò hàn. Bí ìwé bá dé iwájú Ààrẹ, ṣé ó lè kọ̀ ọ́, àbí òǹtẹ̀ lásán ni ọwọ́ rẹ̀? Ohun tí Apithy ṣe túmọ̀ sí pé ẹni tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí nǹkan lẹ́tọ̀ọ́ láti máà fọwọ́ sí i. Èmi kò lè sọ pé ó ṣìnà. Mi ò sì lè sọ pé Ahomadégbé ṣìnà, torí òun ni ìjọba wà lọ́rùn rẹ̀.

Ibi tó dùn mí jù nìyí: ilé ẹjọ́ tó yẹ kó là wọ́n níjà gan-an ni wọ́n ń jà lé lórí. Kò sẹ́ni tí yóò sọ pé "ìwọ lo jàre." Ológun bá sọ ara rẹ̀ di onílàjà.

Lọ́dún 1970 wọ́n dá ọgbọ́n mìíràn, wọ́n ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ṣe ààrẹ ní ọdún méjì méjì. Maga ṣe tirẹ̀, ó sì gbé e fún Ahomadégbé ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún 1972. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ológun kan, Mathieu Kérékou, gbàjọba. Kò kan Apithy mọ́ láéláé. Bẹ́ẹ̀ ìyípo oyè kì í ṣe nǹkan tuntun lọ́dọ̀ wa: ní Kétu, ilé márùn-ún ló ń jẹ Alákétu, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Àwọn afọbajẹ tí kì í du oyè náà ló ń mọ ilé tó kàn. Ta ni afọbajẹ fún Apithy?

Paris ni Apithy kú sí lọ́dún 1989. Ní oṣù Kejì 1990, àpérò gbogboogbò jókòó ní Kútọnu, Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ló sì darí rẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún náà tinú rẹ̀ jáde, ó sì dá ilé ẹjọ́ kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ òfin ìpìlẹ̀. Adájọ́ méje ló wà níbẹ̀: àwọn aládarí ilé aṣòfin ń yan mẹ́rin, Ààrẹ ń yan mẹ́ta. Èyí kò ní kí ara má fu wá. Joseph Djogbénou ṣe mínísítà ètò ìdájọ́ lábẹ́ Ààrẹ Patrice Talon. Lọ́dún 2018 ó di olórí ilé ẹjọ́ yìí, ọ̀pọ̀ sì bèèrè bóyá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú ìjọba jáde lè dá ìjọba lẹ́jọ́.

Síbẹ̀, ẹ wo oṣù Kẹrin ọdún 1996. Kérékou tó gbàjọba lọ́dún 1972 ti padà wọlé nípa ìbò. Òfin ní kó búra níwájú Ọlọ́run, àwọn alálẹ̀ àti ará ìlú. Nígbà tó ń búra, ó fo àwọn alálẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní ìbúra náà kò pé, kó tún un ṣe. Ológun àná padà wá, ó sì kà á délẹ̀.

Kì í ṣe àwọn ẹni ńlá nìkan ló lè kan ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́ yẹn. Àgbẹ̀ kan ní Pọbẹ̀ tó bá rí òfin tó tako òfin ìpìlẹ̀ lè fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí Kútọnu. Kó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, kó kọ ibi tó ń gbé, kó fọwọ́ sí i. Bí kò bá mọ̀wé kọ, kó tẹ̀ka.