Ohun Tó Kúrò Lójú, Tí Kò Kúrò Nínú Fóònù

Fóònù ni kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Bí ojú ewé èsì bọ́ọ̀lù bá wà ní ṣíṣí láti àárọ̀, tó bá máa fi di ọ̀sán, fóònù ti gbóná, ó ń wọ́, ojú ewé náà á sì ṣàdédé tún ara rẹ̀ ṣí láti ìbẹ̀rẹ̀. Fóònù la máa ń bú. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ojú ewé yẹn gan-an ló lè jẹ̀bi.

JavaScript, èdè tí Brendan Eich ṣe ní 1995, ló ń mú ojú ewé ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká wo àtẹ èsì kan tó ní ìlà 200. Wọ́n kọ àtẹ.remove(), àtẹ pòórá lójú. Àmọ́ níbòmíràn nínú kóòdù, àkójọ kan ṣì di àpótí kékeré kan nínú àtẹ náà mú. Àpótí yẹn so mọ́ ìlà rẹ̀, ìlà so mọ́ àtẹ, àtẹ so mọ́ gbogbo ìlà yòókù. Nítorí àpótí kan ṣoṣo, odidi àtẹ jókòó sínú mẹ́mọ́rì. Bí wọ́n bá ń pààrọ̀ àtẹ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, tí àkójọ náà sì ń mú àpótí kan látara ọ̀kọ̀ọ̀kan, àtẹ 180 tí ẹnikẹ́ni kò rí mọ́ ni fóònù máa rù láàárín wákàtí mẹ́ta.

Àwọn kan á ní buráúsà ní agbálẹ̀ tirẹ̀, tó ń kó ohun tí a kò lò mọ́ kúrò nínú mẹ́mọ́rì. Òótọ́ ni; láti ayé John McCarthy àti èdè Lisp tó ṣe, ní nǹkan bí 1960, ni irú agbálẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti wà. Buráúsà Internet Explorer 6, tó jáde ní 2001, kì í lè gbá nǹkan JavaScript àti nǹkan ojú ewé tó bá di ara wọn mú. Ti òde òní ń gbá wọn. Láti orí gbòǹgbò, ìyẹn ohun tí ojú ewé ṣì ń lò ní tààrà, ló ti ń tọ okùn tó so nǹkan pọ̀ lọ, ohun tí okùn kò bá dé ló ń kó dànù. Ìyẹn gan-an ni wàhálà ibẹ̀: agbálẹ̀ kò mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó kọ kóòdù. Ohun tí okùn bá ṣì dé, ẹrù onílé ni lójú rẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní kí èèyàn ra fóònù ńlá. Ní 2017, Google kéde Android Go fún fóònù tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ kò ju 1GB lọ. Nígbà tó di Android 13, 2GB ló kéré jù. Ta ni yóò máa sáré tẹ̀lé ìyẹn? Nígbà tí mẹ́mọ́rì bá sì kún, fóònù á pa ojú ewé tó wà lẹ́yìn. Ẹni tó bá padà síbẹ̀ á tún fi dátà ṣí i. Oṣù Kìíní 2025 sì ni NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó ìpè àti dátà wọn. Owó ni kóòdù ọ̀lẹ ń jẹ lápò aráàlú.

Iṣẹ́ àtúnṣe ò pọ̀. Kí wọ́n tó yọ nǹkan, kí wọ́n fi clearInterval dá aago tó ń lò ó dúró, kí wọ́n fi removeEventListener tú etí tí wọ́n so mọ́ window nítorí rẹ̀, kí wọ́n sì yọ ọ́ nínú àkójọ. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ya heap snapshot, ìyẹn àwòrán ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì, nínú Chrome, kí wọ́n wá «Detached»: gbogbo ohun tó ti kúrò lójú tí kò kúrò nílé á tò síbẹ̀.