Ẹni Tó Fẹ́ Gun Kẹ̀kẹ́ La Òkè Sìkọ́tílàǹdì Kọjá, Odò Ni Kó Kọ́kọ́ Wò

Ní ọjọ́ 25, oṣù kẹjọ, ọdún 1879, omi gbé ọmọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan lọ nítòsí ibi tí odò Tarf ti já sínú odò Tilt, láàárín àwọn òkè orílẹ̀-èdè Sìkọ́tílàǹdì. Francis John Bedford ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1886, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú lórí ojú ọ̀nà dá owó jọ, wọ́n fi ṣe afárá síbẹ̀. Afárá náà wà níbẹ̀ títí di òní, orí rẹ̀ sì ni àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó ń ti Blair Atholl lọ sí Braemar ń gbà.

Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń gùn níbẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí tísà fi ń lọ sí ilé ìwé láyé àtijọ́. Táyà rẹ̀ nípọn, ó ní eyín tó ń di ilẹ̀ mú, bíréèkì rẹ̀ kì í sì í tanni. Síbẹ̀, kẹ̀kẹ́ kì í lúwẹ̀ẹ́.

Òfin kò dí wọn lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2003 fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ láyè láti gba orí ilẹ̀ onílẹ̀ kọjá, bí wọn kò bá ti ba nǹkan jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀wá. Ní ọdún 1847, ìjòyè ńlá tó ni ilẹ̀ Glen Tilt, Dúùkù Atholl, dá Ọ̀jọ̀gbọ́n John Hutton Balfour àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tí wọ́n ń ṣa ewé kiri dúró, ó ní wọn kò gbọdọ̀ kọjá. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́, aráàlú sì jàre.

Ẹni tó bá fẹ́ la òkè Cairngorms kọjá lè gba Lairig Ghru, láti Aviemore lọ sí Braemar, tàbí kó gba àfonífojì Glen Tilt. Lórí máàpù, Lairig Ghru ló wuni jù, nítorí ó gba àárín àwọn òkè gíga kọjá tààrà. Ṣùgbọ́n ó ga dé mítà 835, òkúta ńláńlá ló sì kún òkè rẹ̀ lọ́hùn-ún. Kẹ̀kẹ́ tó yẹ kó gbé èèyàn, èèyàn ni yóò gbé e lé èjìká. Ìlà gígé-gígé tí máàpù fi ṣe àmì ọ̀nà ẹsẹ̀ kì í sọ bóyá àpáta ló wà níbẹ̀ tàbí ẹrẹ̀. Irú ibi bẹ́ẹ̀, bí ẹlẹ́sẹ̀ ni kí èèyàn ṣe ṣírò rẹ̀. William Naismith ti gbé ìṣirò kan kalẹ̀ láti ọdún 1892: wákàtí kan fún máìlì mẹ́ta, àti wákàtí kan sí i fún ẹsẹ̀ bàtà 2,000 tí èèyàn bá gùn. Ẹni tó ru kẹ̀kẹ́, kó tún fi kún un.

Ìgbà náà tún ń kọ́? Ní oṣù kẹfà, ojúmọ́ ibẹ̀ gùn ju wákàtí 17 lọ. Ní oṣù kejìlá, kò tó wákàtí 7. Braemar yìí kan náà ni òtútù ti bọ́ sí ìwọ̀n Celsius 27.2 nísàlẹ̀ òdo ní ọdún 1895 àti ní 1982. Kò tíì sí àkọsílẹ̀ ibì kankan ní Bìrìtéènì tó tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Glen Tilt rọrùn ju Lairig Ghru lọ. Láti Blair Atholl, apá àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà. Lẹ́yìn náà ni yóò wá tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀nà oko, òkè lápá kan, odò nísàlẹ̀ lápá kejì. Afárá Bedford ti yanjú ọ̀ràn Tarf, ṣùgbọ́n odò Geldie ń bẹ níwájú, kò sì sí afárá níbi tí ọ̀nà ti là á. Òjò orí òkè tàbí yìnyín tó ń yọ́ lè sọ ọ́ di alágbára láàárín wákàtí díẹ̀.

Blair Atholl ní ibùdókọ̀ ojú irin, Braemar kò ní; ìdí nìyí tó fi ń yá èèyàn lára láti ti Blair Atholl bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìgbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́ tán ni yóò tó bá Geldie pàdé. Bí odò bá kún, gbogbo ọ̀nà tó gbà wá ni yóò padà gbà. Ẹni tó bá gbéra láti Linn of Dee, níhà Braemar, nǹkan bíi kìlómítà 8 péré ni yóò rìn kó tó kan odò náà. Bí omi bá fà, yóò ká ṣòkòtò sókè, yóò kọjá, bó bá sì ti gun ìwọ̀nba òkè tó kù tán, ìsàlẹ̀ ni ọ̀nà yóò máa dà títí dé Blair Atholl. Bí omi bá kún, yóò yí kẹ̀kẹ́ padà, oúnjẹ ọ̀sán yóò sì bá a ní Braemar.