Ìkòkò Tíì Onígíláàsì

Ẹ̀rù ìkòkò tíì onígíláàsì a máa ba ọ̀pọ̀ ìyá ilé, kò sì jẹ́ aláìnídìí. Bí a bá da omi híhó sínú gíláàsì lásán, inú rẹ̀ a fẹ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó gbóná, a sì là mọ́ni lọ́wọ́. Gíláàsì borosilicate, tí Otto Schott ṣe ní Jena, ilẹ̀ Jámánì, ṣáájú ọdún 1900, kì í fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òun ni kí ẹ béèrè. Síbẹ̀, ẹ fi omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn án ná.

Àwa fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ojú ń rí tíì bí ó ti ń pọ́n. Ní ìṣẹ́jú 4, ẹ yọ ewé rẹ̀ kí ó má baà korò. Èyí tí ó bá ti sán, ẹ má ṣe dá a sí: ọmọ tí ó dúró ti tábìlì ni tíì gbígbóná yóò dà lé.