Ọmọ ọdún 13 tó fi ayaba rẹ̀ tọrẹ

Ní ọjọ́ 17 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1956, nínú ìdíje kan nílùú New York, Bobby Fischer, ọmọ ọdún 13, jókòó síwájú Donald Byrne, ẹni ọdún 26, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ayò ṣẹ́ẹ̀sì ní Amẹ́ríkà. Byrne ló mú funfun.

Ọ̀pọ̀ ọ̀tayò a máa kọ́kọ́ ti ọmọ-ogun sí àárín pátákó, nítorí ẹni tó bá gba àárín ni ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún. Byrne kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́ṣin ló kọ́kọ́ gbé jáde, lẹ́yìn èyí ló wá ti ọmọ-ogun kan ní apá òsì, bí ẹni tó gba ẹ̀bá ọ̀nà wọ̀lú. Kò sí àléébù níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìgbésẹ̀ kẹjọ, ọmọ-ogun rẹ̀ méjì ti dúró gbọn-in láàárín. Ọba rẹ̀ ni kò rántí fi pamọ́. Fischer ti gbé tirẹ̀ lọ sí igun láti ìgbésẹ̀ kẹrin.

Ní ìgbésẹ̀ kọkànlá, bíṣọ́ọ̀bù tí Byrne ti gbé tẹ́lẹ̀ ló tún gbé. (Wèrè ni Faransé ń pe bíṣọ́ọ̀bù yìí, n kò mọ ìwà tí wọ́n rí lọ́wọ́ rẹ̀.) Fischer bá gbé ẹlẹ́ṣin sí etí pátákó, níbi tí wọ́n ti lè jẹ ẹ́. Byrne kò tó bẹ́ẹ̀: bó bá jẹ ẹ́, àárín yóò ṣí sílẹ̀ lójú ọba rẹ̀.

Ní ìgbésẹ̀ kẹtàdínlógún, ewu dé bá ayaba Fischer. Gbogbo ọmọdé tó ń kọ́ ayò yìí ni yóò gbé e sá. Fischer fi í sílẹ̀, ó gbé bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sẹ́yìn. Byrne jẹ ayaba. Láti ìgbà náà ni bíṣọ́ọ̀bù àti ẹlẹ́ṣin ọmọ náà ti halẹ̀ mọ́ ọba Byrne lẹ́ẹ̀márùn-ún léraléra, tí ọba ń sá síwá sá sẹ́yìn, tí wọ́n sì ń jẹ lọ. Ilé-ìṣọ́ kan, bíṣọ́ọ̀bù méjì àti ọmọ-ogun kan ni Fischer gbà dípò ayaba. Ayaba Byrne wà ní ìkangun pátákó lọ́hùn-ún, kò lè gba olówó orí rẹ̀ là.

Àwọn ọ̀gá kì í sábà dúró kí wọ́n pa ọba wọn. Wọ́n a gbà pé ó tán. Byrne dúró. Ó jẹ́ kí ọmọ náà parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọkànlélógójì. Hans Kmoch, òǹkọ̀wé ayò, pè é ní ayò ọgọ́rùn-ún ọdún náà. Ṣùgbọ́n Samuel Reshevsky ló gba ipò kìíní nínú ìdíje ọ̀hún. Fischer wà lẹ́yìn réré.