Orin 'Olúfúnmi' àti Àtúnkọ Rẹ̀ Nínú Kíláàsì Yorùbá

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Agodi, Ìbàdàn. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Rédíò àti àwo orin ti wà ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ṣe sí orin Yorùbá: wọ́n sọ ọ́ di ohun tí a lè gbọ́ lónìí, kí a tún gbọ́ lọ́la, láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan yẹ̀. Kí wọ́n tó dé, kò sí ẹni tó lè nawọ́ sí ìsọ kan ṣoṣo pé òun nìkan ni ojúlówó ìjálá tàbí ẹkún ìyàwó. Bí apohùn bá dé agbo, ó lè fà á gùn, ó lè gé e kúrú, ó sì lè fi oríkì ẹni tó wà níjòkòó kún un.

Nítorí náà, ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní rímíìsì kò yẹ kó ṣàjèjì sí olùkọ́ lítíréṣọ̀ alohùn. Ẹ jẹ́ kí a wo 'Olufunmi', orin ìfẹ́ tí Styl-Plus, ẹgbẹ́ akọrin ọ̀dọ́mọkùnrin láti Àbújá, gbé jáde ní 2003. Shifi Emoefe, Tunde Akinsanmi àti Zeal Onyecheme ni a mọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ náà jù. Orúkọ wọn tó láti fi hàn pé kì í ṣe ọmọ Yorùbá nìkan ló wà níbẹ̀; síbẹ̀, orúkọ Yorùbá ni wọ́n fi pe olólùfẹ́ inú orin. Ní 2023, ID Cabasa, ẹni tó ṣe àkójọ ohùn àti ìlù fún 'Gongo Aso' ti 9ice, tún un gbé jáde pẹ̀lú Fireboy DML, Joeboy àti àwọn mìíràn. Àwọn méjèèjì yìí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí ti àkọ́kọ́ jáde. Ìlù yí padà, ohùn tuntun wọlé, ẹsẹ tuntun sì wọlé. Orúkọ yẹn ni kò kúrò.

Orúkọ náà gan-an tó kókó ẹ̀kọ́ kan. Gbólóhùn tí a kò parí ni: Olú fún mi. Kí ni Olú fún un? Nínú Olúfúnmiláyọ̀ àti Olúfúnmilọ́lá, 'ní' àti ohun tí a fúnni ti so pọ̀, a sì mọ ìdáhùn. Nínú Olúfúnmi, àyè ibẹ̀ ṣófo. Olólùfẹ́ tó ń pe orúkọ náà lè ka ara ọmọbìnrin ọ̀hún sí ẹ̀bùn náà. Bóyá ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kó rọrùn fún akọrin tuntun láti bá orin náà lọ: olúkúlùkù ló lè fi ti inú ara rẹ̀ dí àyè náà.

Ibi tó gba ìṣọ́ra ni ohùn. T. K. Ekundayo Phillips, tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà ti Kristi ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde ní 1953. Ó fi yé àwọn akọrin pé ó yẹ kí orin máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Orin ìsìn tí a túmọ̀, tí a sì fi ohùn orin òyìnbó kọ, ti da ìtumọ̀ rú tó. Orin ìfẹ́ kò yọ sílẹ̀: bí ohùn bá yẹ̀, ọkọ á di ọkọ́ tí a fi ń roko. Àárín, òkè, òkè, àárín ni ohùn Olúfúnmi. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì, nítorí àwo kì í fi àmì sí i, kí ó sì tẹ́tí sí ẹ̀yà méjèèjì bóyá orin gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti gòkè.

Ọ̀ràn kan kù tí agbo ìjálá kò ní. Apohùn kì í tọrọ àyè kí ó tó lo ìsọ tó bá nílẹ̀, ṣùgbọ́n orin inú àwo ní olówó. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 2022 fún oníṣẹ́ ní àṣẹ lórí àtúnṣe iṣẹ́ rẹ̀. Blackface àti 2Face, tí wọ́n jọ wà nínú Plantashun Boiz, fa ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ 'African Queen' ti 2004 fún ọ̀pọ̀ ọdún. Olùkọ́ tó bá fẹ́ lo 'Olufunmi' ti 2023 nínú kíláàsì lè kọ orúkọ Styl-Plus sójú pátákó kí ó tó tẹ orin náà.