Ojú ni Alákàn Fi Ń Ṣọ́ Orí: Iná Kùrukùru fún Mọ́tò Ilé Wa



Àwa tí a ń gbé ní Lougba àti ní gbogbo agbègbè Bantè mọ bí òwúrọ̀ kùtùkùtù ṣe máa ń rí. Bí òjò bá rọ̀ ní òru, kùrukùru a bo ojú ọ̀nà títí oòrùn yóò fi là. Bí ọyẹ́ bá sì dé láti oṣù Kejìlá títí dé oṣù Kejì, eruku a gba gbogbo ojú ọ̀run. Àkókò yìí gan-an ni àwọn ọkọ̀ ńlá tí ó kó òwú ń kọjá, tí àwọn ìyá wa ń kó iṣu lọ sí ọjà, tí a sì ń gbé aláìsàn lọ sí Savalou kí ilẹ̀ tó mọ́.

Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí ní Peugeot 504 àtijọ́ kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní familiale, tí ó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ, a jáde ní agogo márùn-ún láti lọ sí Dassa-Zoumé, sí ihò àpáta Ìyá Wa ti Arigbo. Àwa mẹ́jọ ni a wà nínú mọ́tò. Àwọn ọmọ ti sùn. Kí a tó dé Savalou, kùrukùru bò wá. Mo tan iná gíga. Ńṣe ni gbogbo iwájú funfun báláú, bí ẹni pé wọ́n ta aṣọ àlà sí ojú ọ̀nà. Ìyàwó mi pariwo pé, “Bàbá Ìbejì, ẹ rọra!” Mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ọkùnrin kan ń ti kẹ̀kẹ́ tí ó di igi lé. Ibi tí ó wà sí wa kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ọlọ́run ló yọ wá. Ọjọ́ náà ni mo pinnu láti fi iná kùrukùru sí mọ́tò wa.

Kí ló dé tí iná gíga kò fi ràn wá lọ́wọ́? Kùrukùru kì í ṣe èéfín. Omi ni, tí ó fọ́ sí wẹ́wẹ́, tí ó sì ń léfòó nínú afẹ́fẹ́. Iná gíga ń lọ tààrà sí àárín omi wẹ́wẹ́ yìí, omi náà a sì dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ojú awakọ̀. Bí iná bá ṣe le tó, bẹ́ẹ̀ ni ojú yóò ṣe fọ́ tó. Iná kùrukùru kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣe é kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má ba gòkè. Ó ń fẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì, ó ń rà mọ́ ilẹ̀. Ẹ óò fi rí etí ọ̀nà, ẹ óò fi rí ẹsẹ̀ ẹni tí ń rìn. Ìdí nìyí tí a fi ń so ó mọ́ ìsàlẹ̀, lẹ́bàá bọ́ńpà. Ẹni tí ó bá gbé e sí orí mọ́tò ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé iná pupa rúsúrúsú bí ẹyin ló ń la kùrukùru já. Mọ́tò láti Faransé kún fún irú iná bẹ́ẹ̀, nítorí láti nǹkan bí ọdún 1936 títí di 1993, òfin ibẹ̀ ló pa á láṣẹ. Ó lè tu ojú ẹlòmíràn lára, ṣùgbọ́n àwọ̀ kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rẹlẹ̀ ló ṣe pàtàkì.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wo ara díńgí rẹ̀ dáadáa. Èyí tí wọ́n bá kọ lẹ́tà B sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì E tí ó wà nínú òbìrìkìtì, iná kùrukùru ni. Èyí tí ó bá ní HR, iná tí ń rán jìnnà ni; yóò dá kún ìyọnu yín ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe tiwa. Ẹni tí ó kọ́kọ́ bá mi so iná náà fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ já a mọ́ wáyà iná iwájú. Ní ọjọ́ kẹta, òórùn rọ́bà tí ń jóná gba inú mọ́tò. Gúlóòbù kan sábà máa ń jẹ wáàtì 55. Méjì jẹ́ 110. Ní bátìrì fólítì 12, èyí ń fa nǹkan bí áḿpíà mẹ́sàn-án. Ó dà bí ẹni pé a tún fi iná iwájú méjì mìíràn lé mọ́tò lórí. Wáyà àtijọ́ kò lè gbé ẹrù ènìyàn méjì.

Bí ó ti yẹ kí a so ó nìyí. Ẹ jẹ́ kí wáyà tí ó nípọn, bíi 2.5, ti bátìrì wá. Ẹ fi fíúsì 15 sí i nítòsí bátìrì gan-an, kí ó lè já bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Kí iná gba inú rilé kọjá. Lára rilé ẹ óò rí nọ́ńbà mẹ́rin: 30 gba iná láti bátìrì, 87 gbé e lọ sí iná kùrukùru, 85 lọ sí irin ara mọ́tò, 86 ti ọ̀dọ̀ súìṣì wá. Kí súìṣì náà gba agbára láti iná kékeré ẹ̀gbẹ́, kí ẹ má ba gbàgbé rẹ̀ ní títàn títí bátìrì yóò fi kú. Níbi tí wáyà bá ti kan irin, ẹ ha ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò.

Òfin Yúróòpù ní kí iná náà má wà ní ìsàlẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 25 sí ilẹ̀, kí ó má sì ju 80 lọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé mọ́tò sí orí ilẹ̀ títẹ́jú, kí iná jìnnà sí ògiri ní mítà márùn-ún. Kí òkè ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lára ògiri fi sẹ̀ǹtímítà 10 rẹlẹ̀ ju iná fúnra rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ná owó kankan, ẹ fọ díńgí iná tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì nu díńgí iwájú mọ́tò nínú àti lóde. Eruku ọyẹ́ lásán ló ń fọ́ ọ̀pọ̀ wa lójú.

Ọ̀rọ̀ tí ó ṣe kókó jù lọ nìyí: iná kùrukùru kò fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ láti sáré. Ẹni tí ń sáré 80 ní wákàtí yóò ti rin mítà 22 kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan bíréèkì, yóò sì ju mítà 60 lọ kí ó tó dúró. Ẹni tí ń lọ ní 40 lè dúró láàárín nǹkan bíi mítà 25. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ mítà 30 péré ni ojú yín tó, ẹ má ṣe kọjá 40. Bí ojú ọ̀nà kò bá sì hàn rárá, ẹ yà kúrò pátápátá lórí ọ̀dà, kí ẹ dúró de oòrùn. Nígbà tí kùrukùru bá ká, ẹ pa iná náà, nítorí ó ń fọ́ ojú ẹni tí ń bọ̀ wá pàdé yín. Òun náà ní ọmọ nílé.

Nísinsìnyí, bí a bá ń lọ sí Dassa, ìyá àwọn ìbejì kì í pariwo mọ́. Kì í ṣe nítorí iná méjì náà nìkan. Ó rí i pé ọkọ òun ti kọ́ láti máa lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa o. Àmín.