Kọ́kọ́rọ́ àti Àgádágodo: Họ́mónù nínú Àrùn Jẹjẹrẹ Ọyàn

Obìnrin tí ó ń gbé ní àdúgbò Fate, ní ìlú Ìlọrin, tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan kókó líle nínú ọyàn, ìbéèrè kan ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu: ṣé jẹjẹrẹ ni, àbí kì í ṣe jẹjẹrẹ? Ìbéèrè náà tọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó. Bí dókítà bá ti rí i pé jẹjẹrẹ ni, ìbéèrè kejì wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà béèrè, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn rẹ̀ ni yóò fi irú oògùn tí ó yẹ hàn: ǹjẹ́ họ́mónù ni ó ń bọ́ jẹjẹrẹ yìí?

Họ́mónù ni èròjà tí àwọn ẹ̀yà ara kan ń ṣe, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń gbé kiri láti jẹ́ iṣẹ́ fún àwọn ẹ̀yà mìíràn. Èyí tí ó ń jẹ́ ẹ́sítírójìn ni ó ń mú kí ọyàn ọmọdébìnrin yọ. Ní 1896, George Beatson, dókítà kan ní Glasgow, ròyìn pé òun yọ ilé ẹyin obìnrin kan tí jẹjẹrẹ ti ba ọyàn rẹ̀ jẹ́, kókó náà sì súnkì. Ìyanu ńlá ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn mìíràn ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀, bí obìnrin kan nínú mẹ́ta ni ó ṣe láǹfààní. Àwọn yòókù jìyà ọ̀bẹ lásán, kò sì sí ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀ fún ọgọ́ta ọdún ó lé.

Elwood Jensen ni ó tú ìdí náà. Ní 1958, ní Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà, ó fi háídírójìn onítànṣán sàmì sí ẹ́sítírójìn, kí ó lè mọ ibi tí ó ń lọ nínú ara eku. Ó rí i pé ó kàn ń gba ọ̀pọ̀ ẹ̀yà kọjá ni, ṣùgbọ́n ó dúró sínú ilé ọmọ. Sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ní ohun tí ó ń gba họ́mónù náà mọ́ra, bí ihò àgádágodo ṣe ń gba kọ́kọ́rọ́. Obìnrin tí jẹjẹrẹ rẹ̀ ní ihò yìí ni yíyọ ilé ẹyin lè ṣe láǹfààní. Oògùn Tamoxifen pẹ̀lú, tí àwọn tí ó ṣe é ní Ìlú Ọba kọ́kọ́ fẹ́ lò fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí, kọ́kọ́rọ́ ayédèrú ni: ó ń dí ihò náà nínú ọyàn, kò sì ń ṣí i.

Ní yunifásítì Jensen yìí kan náà ni Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, ẹni tí ó gba oyè dókítà ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1980, ti ń ṣe ìwádìí lórí jẹjẹrẹ àwọn obìnrin Áfíríkà. Ní 2009, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde jáde lórí obìnrin 507 ní Nàìjíríà àti Senegal. Ọjọ́ orí wọn ní ìpíndọ́gba kò pé 45. Ìdá 24 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni jẹjẹrẹ wọn ní ihò ẹ́sítírójìn. Tamoxifen kò lè ran àwọn tí ó kù lọ́wọ́.

Síbẹ̀, ní 2008, Clement Adebamowo àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ti yẹ jẹjẹrẹ obìnrin 192 wò ní Ìbàdàn, wọ́n sì rí ihò náà lára ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré! Ọ̀kan nínú ohun tí àwọn onímọ̀ ń fura sí ni ọwọ́ tí a fi mú ẹran tí a gé nínú kókó. Ó yẹ kí ó wọ inú fọ́málínì kí wákàtí kan tó pé, kí ó sì wà níbẹ̀ láàárín wákàtí 6 sí 72. Bí ó bá pẹ́ nílẹ̀, ihò náà lè bàjẹ́, àyẹ̀wò yóò sì sọ pé kò sí níbẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ yìí ju àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé lọ. Obìnrin tí ó ní ihò, tí a sọ fún pé kò ní in, yóò pàdánù oògùn oníhóró tí ì bá máa lò nílé fún ọdún márùn-ún. Èyí tí kò ní in, tí wọ́n kàn fún ní Tamoxifen láìṣe àyẹ̀wò, yóò máa gbé e mì nígbà tí kókó rẹ̀ ń dàgbà. Lórí ìwé àbájáde àyẹ̀wò, lẹ́tà méjì ni ó dúró fún ihò ẹ́sítírójìn: ER. Bí obìnrin ará Fate náà bá gba ìwé tirẹ̀ tí kò rí lẹ́tà méjèèjì níbẹ̀, a jẹ́ pé wọn kò tíì dáhùn ìbéèrè kejì fún un.